Pípààrọ̀ Iwájú Orúnkún Nìkan: Ẹni Tó Yẹ Fún, àti Bí Ó Ṣe Máa Ń Rí Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Bí ẹ bá ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú tí orúnkún kò yọ yín lẹ́nu, àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn, tàbí tí ẹ fẹ́ dìde lórí àpótí ìdáná, tí ìrora wá ń gún yín níwájú, lẹ́yìn ọmọ orúnkún gan-an, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni àrùn wà. Irú orúnkún bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí wà fún. Nínú ìwé ilé ìwòsàn ní Bẹ̀nẹ̀, prothèse fémoro-patellaire ni wọ́n ń kọ. Ó yàtọ̀ sí prothèse totale, èyí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ odidi orúnkún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí iṣẹ́ yìí kò yọrí sí rere fún, kì í ṣe irin ló já wọn kulẹ̀: ẹni tí kò yẹ kí wọ́n ṣe é fún ni wọ́n ṣe é fún. Ìdí nìyẹn tí a ó fi pẹ́ lórí yíyan èèyàn ju orí ọ̀bẹ lọ.

Ohun tó ń bàjẹ́

Ojú mẹ́ta ni eegun ti ń kan eegun nínú orúnkún: apá inú, apá òde, àti iwájú. Níwájú, ọmọ orúnkún máa ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ nínú poro kan tó wà ní ìdí eegun itan, bí àgbẹ̀ ṣe ń tọ poro láàárín ebè méjì. Kèrékèré funfun tó ń dán ló bo ojú eegun méjèèjì. Bó bá jẹ tán, eegun á máa ha eegun. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orúnkún náà, kí ẹ tẹ ẹsẹ̀, kí ẹ nà án: ẹ ó mọ̀ ọ́n lára tí ó ń ha lábẹ́ ọwọ́ yín bí ẹni ń lọ iyanrìn.

Ẹrù tó ń wà lórí ọmọ orúnkún kì í ṣe ọ̀kan náà nígbà gbogbo. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó kéré. Bí a bá ń gun àtẹ̀gùn, ó tó ìlọ́po mẹ́ta ìwúwo ara. Bí a bá lóṣòó, ó lè tó ìlọ́po méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó wọn kílò 80 ń gbé nǹkan bíi kílò 240 lé ọmọ orúnkún ní gbogbo ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ wo ìgbésí ayé obìnrin kan ní Kétu tàbí Ṣábẹ: àpótí kékeré nídìí ààrò, ilé ìyàgbẹ́ onílóṣòó, ìkúnlẹ̀ kí àgbà, ìkúnlẹ̀ lórí ẹní ìkírun. Gbogbo rẹ̀, iwájú orúnkún ló ń jẹ. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ àṣà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìrora ti ń wá.

Ohun tó ń fà á pọ̀. Poro àwọn mìíràn kò jìn láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, ọmọ orúnkún kò sì jókòó dáadáa nínú rẹ̀. Ti àwọn mìíràn ti yẹ̀ rí nígbà èwe. Àwọn mìíràn ṣubú lórí zẹ́mì (ọ̀kadà), ọmọ orúnkún fọ́, ó sì jinná wọ́gọwọ̀gọ. Àwọn tí poro wọn kò jìn láti ìbí ni iṣẹ́ abẹ yìí máa ń bá mu jù, nítorí pé irin tuntun á fún wọn ní poro tó jìn, àrùn kì í sì í tètè tàn dé apá inú àti apá òde orúnkún wọn.

Fọ́tò tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́

Fọ́tò ràdíò kan tí wọ́n yà nígbà tí ẹ dùbúlẹ̀ kò tó nǹkan kan. Kí dókítà kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì kà á kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀: fọ́tò iwájú ní ìdúró (face en charge), fọ́tò ìdúró tí orúnkún tẹ̀ díẹ̀ (schuss), fọ́tò ẹ̀gbẹ́ (profil), àti fọ́tò ọmọ orúnkún láti òkè (défilé fémoro-patellaire ní dígírì 30). Fọ́tò tó kẹ́yìn yìí ló ń fi àlàfo tó wà láàárín ọmọ orúnkún àti poro hàn, òun sì ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Schuss náà ṣe pàtàkì: àlàfo tó dà bíi pé ó ṣì wà nígbà tí a nà ẹsẹ̀ lè ti pòórá bí orúnkún bá tẹ̀. Bí schuss bá fi hàn pé apá inú tàbí apá òde ti jẹ, ọ̀rọ̀ iwájú nìkan ti parí, prothèse totale ni ó kàn.

Bí owó bá wà fún IRM (àwòrán tí ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì ń yà), ó ń fi kèrékèré tí fọ́tò ràdíò kò lè rí hàn. Bí ọmọ orúnkún bá ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á tún wọn ohun tí wọ́n ń pè ní TA-GT nínú scanner. Bó bá ju mìlímítà 20 lọ, ibi tí iṣan ti so mọ́ ojúgun ti yà sóde jù. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún ìyẹn ṣe kí wọ́n tó fi irin sí i, tàbí ní àkókò kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọmọ orúnkún tuntun á máa yẹ̀ bíi ti àtijọ́.

Àyẹ̀wò kan wà tí ẹ lè ṣe nílé. Ẹ ní kí aláìsàn fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibi tó ń dùn ún. Bó bá tọ́ka sí ọmọ orúnkún tàbí tó fi ọwọ́ bo iwájú orúnkún, ó bá a mu. Bó bá tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ inú, ní ìlà tí eegun itan àti ojúgun ti pàdé, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kedere, kódà bí ọmọ orúnkún bá burú nínú fọ́tò.

Àwọn tí a kì í gbà níyànjú

Ẹni tó ní làkúrègbé tó ń mú ọ̀pọ̀ oríkèé wú, tí ara rẹ̀ ń le fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárọ̀, kò yẹ fún un. Àrùn yẹn á jẹ apá yòókù, iṣẹ́ á sì di àṣetúnṣe. Ẹni tí kò lè na orúnkún tán, tó ku ju dígírì 10 lọ, kò yẹ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ gan-an sínú tàbí sóde kò yẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí àrùn kòkòrò wà nínú orúnkún rẹ̀. Ti ìsanra gba ìrònú: ẹni tó ga mítà 1.60 tó sì ju kílò 77 lọ ti wọ ìpele tí iṣẹ́ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kílò 10 tó bá jò dànù ń mú nǹkan bíi kílò 30 kúrò lórí ọmọ orúnkún níbi àtẹ̀gùn, ìrora mìíràn sì máa ń rọ̀ débi pé iṣẹ́ abẹ kò tún pọn dandan mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà kí wọ́n la òun láìtíì fi oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà gbìyànjú ọ̀nà mìíràn tọkàntọkàn: kiné (eré ìdárayá ìwòsàn) tó ń fún iṣan itan àti iṣan ìdí lókun, ìjókòó tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 dípò àpótí, tábìlì ìdáná, àti parasetamól. Èyí kò gbọ́dọ̀ kọjá gíráàmù 3 lóòjọ́ àyàfi bí dókítà bá pàṣẹ. Oògùn ìrora aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà nínú ọjà láìsí ìwé ń dá egbò sí inú, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í rọrùn láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún.

Ìmúrasílẹ̀

Dókítà eegun wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba: CNHU ní Kùtọnu àti CHUD ní Àjàṣẹ́. Ẹni tó wà ní Ṣábẹ tàbí Kétu á kọ́kọ́ gba ìwé ìfiránṣẹ́ ní ilé ìwòsàn agbègbè rẹ̀. Ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta tààrà, kò sí ìwà àfojúdi nínú rẹ̀: Ẹ̀yin fúnra yín ti ṣe irú èyí rí, ó tó mélòó? Irin wo lẹ ó lò, ṣé èyí tí a rì sínú eegun ni tàbí èyí tí a gbé lé e? Bó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú, ta ni yóò tún un ṣe? Iṣẹ́ yìí kò wọ́pọ̀ níbikíbi láyé tó ti prothèse totale. Bí dókítà bá sọ pé totale ni ọwọ́ òun mọ́ sí, ẹ bọ̀wọ̀ fún òtítọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó fi yín ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, tàbí kí ẹ jọ rò ó bóyá totale kò ní tó.

Ẹ gba devis (ìwé ìṣirò owó) tí wọ́n tú palẹ̀: owó irin, owó yàrá, owó olóògùn oorun, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, owó oògùn, owó kiné. Ti kiné ni àwọn èèyàn máa ń gé kúrò bí sẹ́fà bá wọ́n, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń sọ bóyá orúnkún á tẹ̀ tàbí á gan. Ẹ fi owó rẹ̀ pamọ́ lọ́tọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n wo eyín tó ti jẹrà, kí ó jinná. Kí ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní ìkáwọ́. Ẹ sọ fún olóògùn oorun bí fọ̀níkú-fọ̀ladìde bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Bí wọ́n bá ti gún yín ní abẹ́rẹ́ sínú orúnkún, kí oṣù mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó la á, nítorí abẹ́rẹ́ yẹn ń mú kí kòkòrò àrùn tètè rí àyè. Kò sì gbọdọ̀ sí gbẹ́rẹ́ sínsín lára ẹsẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú: ọgbẹ́ kékeré lára awọ jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún kòkòrò, dókítà tó bá rí i lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ á dá yín padà sílé.

Ohun tí wọ́n ń ṣe lórí tábìlì

Ó máa ń gbà tó wákàtí kan sí méjì, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn sì ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n á fún yín ní oògùn apakòkòrò kí ọ̀bẹ tó kan awọ. Wọ́n á bo poro pẹ̀lú irin tó ń dán, wọ́n á gé ẹ̀yìn ọmọ orúnkún díẹ̀, wọ́n á sì fi bọ́tìnì rọ́bà líle kan dí i. Sìmẹ́ńtì eegun ló ń mú méjèèjì dúró. Apá inú, apá òde àti àwọn okùn tó so orúnkún pọ̀ nínú, wọn kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Ìdí nìyẹn tí orúnkún fi máa ń dà bíi ti ara ẹni ju bó ṣe máa ń rí pẹ̀lú totale.

Ibi tí ọwọ́ dókítà ti ń hàn ni ìnípọn ọmọ orúnkún. Bí eegun tó kù àti rọ́bà bá nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iwájú orúnkún á kún jù, kò ní tẹ̀ dáadáa, á sì máa dunni. Bí wọ́n bá gé e tín-ín-rín jù, ó lè fọ́.

Irin tó wọlé ní ìparí àwọn ọdún 1970 jẹ́ èyí tí wọ́n ń rì sínú eegun. Ọmọ orúnkún máa ń há sí etí rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì yọ. Láti àwọn ọdún 1990 ni èyí tí wọ́n ń gbé lé iwájú eegun lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e tẹ́jú ti dé. Ó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì gùn sókè jù ú lọ, kò sì há ọmọ orúnkún mọ́. Ohun tí àwọn ìwé àtijọ́ sọ nípa bí iṣẹ́ yìí ṣe burú tó, irin àkọ́kọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́

Ọjọ́ kejì, ẹ ó dìde, ẹ ó sì rìn pẹ̀lú ọ̀pá méjì. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ lè kúrò ní ilé ìwòsàn. Ẹni tó wá láti Ṣábẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ilé ẹbí sí Kùtọnu tàbí Àjàṣẹ́ títí wọ́n ó fi tú okùn ọgbẹ́, ní bíi ọjọ́ 10 sí 14. Ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 200, jíjókòó sójú kan nínú mọ́tò sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lọ, ẹ gba ìjókòó iwájú, kí mọ́tò dúró ní gbogbo wákàtí kan kí ẹ rìn díẹ̀, kí ẹ má sì ṣe fo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ní ọjọ́ kankan. Ẹ̀yìn zẹ́mì kò sí nínú ètò kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé. Gígùn àti sísọ̀ ló ń gbé èèyàn ṣubú, ju ìrìn àjò fúnra rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ rèé. Ní gbogbo wákàtí tí ẹ bá wà lójúfò, ẹ gbé ọrùn ẹsẹ̀ sókè sílẹ̀ nígbà 20. Nígbà mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ fún iṣan itan le, ẹ tẹ ẹ̀yìn orúnkún mọ́ ibùsùn, ẹ ka oókan dé àrún, ẹ dẹ̀ ẹ́: ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ́ gìgísẹ̀ bọ̀ síhà ìdí kí orúnkún lè tẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé odindi ẹsẹ̀ sókè ní nínà: ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Bí orúnkún bá rọ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹ gbé ẹsẹ̀, iṣan itan kò tíì jí, ẹ kò gbọdọ̀ jù ọ̀pá sílẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ìrọ̀rí lábẹ́ orúnkún. Ó tura, ó sì ń jẹ́ kí orúnkún gan ní títẹ̀. Abẹ́ gìgísẹ̀ ni kí ẹ fi aṣọ tí ẹ ká sí, kí orúnkún lè na ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, nígbà mélòó kan lójúmọ́. Fún wíwú, ẹ fi omi inú ọ̀rá tó dì sínú tọ́wẹ̀lì, ẹ gbé e lé orúnkún fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kò gbọdọ̀ kan awọ tààrà. Ẹ fi fọ́nrán òwú yí orúnkún po láàárín gan-an láràárọ̀, ẹ so kókó sí ibi tó dé. Bí kókó ọ̀la bá kọjá ti òní, ẹ ti ṣiṣẹ́ jù, ẹ dín ìrìn kù, ẹ má dín títẹ̀ orúnkún kù. Òrí, rọ́bì, omi gbígbóná àti ewé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ ojú ọgbẹ́.

Níbi àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dá ló ń kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ tí wọ́n là ló ń kọ́kọ́ sọ̀. Tó bá ku ọ̀pá kan, ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tí wọ́n là ni kó wà. Orúnkún yẹ kó tẹ̀ dé dígírì 90 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kó sì tó bíi 110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí kò bá dé 90 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kíákíá: òun lè fi oògùn oorun tẹ̀ ẹ́ fún yín nígbà tí ọgbẹ́ inú kò tíì le.

Ohun tí ẹ lè retí ní tòótọ́

Iṣẹ́ ìjókòó ṣeé padà sí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, iṣẹ́ oko àti ẹrù rírù ní bíi oṣù mẹ́ta. Wíwú díẹ̀ nírọ̀lẹ́ lè wà fún oṣù mẹ́ta tàbí jù. Ara orúnkún ń dára sí i títí di ọdún kan. Awọ ẹ̀gbẹ́ òde ọgbẹ́ sábà máa ń kú tipiri, tí kì í mọ ìfọwọ́kàn mọ́, nítorí iṣan ìmọ̀lára kékeré tí ọ̀bẹ gbà kọjá, kò léwu. Bí orúnkún bá ń dún kẹ́kẹ́ láìsí ìrora, kò léwu pẹ̀lú.

Fún ẹni tí wọ́n yàn dáadáa, ìrora àtẹ̀gùn àti ti ìdìde ló ń kọ́kọ́ lọ. Nínú ìwádìí kan ní Denmark, wọ́n pín 100 aláìsàn sí ọ̀nà méjì, àwọn kan gba ti iwájú, àwọn kan gba totale. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, orúnkún àwọn tó gba ti iwájú tẹ̀ dáadáa ju ti àwọn yòókù lọ, ara wọn sì tètè yá jù.

Ìkúnlẹ̀ ni ká sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Kò ní ba irin jẹ́ lẹ́yìn tí ọgbẹ́ bá ti jinná dénú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lè fara dà á lórí ilẹ̀ líle, nítorí ojú ọgbẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí ìtẹ́lẹ̀ tó nípọn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ń kírun lè máa fi àga kírun, ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè. Lílóṣòó jinlẹ̀ lójoojúmọ́ ni a kò gbà yín níyànjú: àga tí wọ́n lu ní àárín, tí a gbé lé orí ihò ilé ìyàgbẹ́, kò wọ́n lọ́wọ́ káfíńtà.

Bó ṣe ń pẹ́ tó ni ẹgbẹ́ tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ka gbogbo irin orúnkún, totale tí wọ́n ń tún ṣe kí ọdún 10 tó pé kì í sábà ju 5 nínú 100 lọ. Ti iwájú nìkan máa ń súnmọ́ 20 nínú 100, ó sì ń kọjá bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ohun tó sábà máa ń fà á lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni pé àrùn dé apá inú tàbí apá òde. Ohun tó ń dín ìbẹ̀rù kù ni pé wọ́n lè sọ ọ́ di totale, iṣẹ́ náà kì í sì í sábà le ju totale àkọ́kọ́ lọ. Ẹni ọdún 45 tí iwájú nìkan bàjẹ́ fún lè ka ìyẹn sí pàṣípààrọ̀ tó dára. Ẹni ọdún 70 tí apá inú ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ojú tiwa ni pé kí ó gba totale lẹ́ẹ̀kan, kó sì sinmi.

Ìgbà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró

Ibà tó dé 38, orúnkún tó túbọ̀ ń pọ́n tó sì ń gbóná lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, tàbí omi tó ń jò láti ojú ọgbẹ́: ẹ padà sí ibi tí wọ́n ti là yín lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe ra oògùn apakòkòrò fúnra yín. Ó ń pa kòkòrò tó wà lókè, ó ń fi èyí tó lẹ̀ mọ́ irin sílẹ̀, àyẹ̀wò kò sì ní lè dá a mọ̀ mọ́. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó sì ń dunni, ẹ lọ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Bí èémí bá ṣàdédé ń kúrú tàbí àyà ń gún, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa ya fọ́tò ràdíò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ní ọdún kan, àti ní ọdún méjì-méjì sí mẹ́ta-mẹ́ta, pẹ̀lú schuss àti défilé nígbà gbogbo, kódà bí kò bá dunni. Ẹ béèrè bébà ìlẹ̀mọ́ tó wà lára páálí irin náà, èyí tí orúkọ, ìwọ̀n àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ ya á ní fọ́tò sórí fóònù ẹni méjì nínú ilé, kí ẹ sì lẹ èyí gan-an mọ́ inú ìwé ìlera yín. Dókítà tó bá fẹ́ tún orúnkún yẹn ṣe ní ọdún 12 sí i, bébà yẹn ló kọ́kọ́ máa béèrè.